Ìṣẹ́jú Márùndínláàádọ́ta ti Ọ̀gá Tààrà

Ìlú tí Ọ̀gá Tààrà ń gbé ti di ihò lára àwòrán ayé tí ó gbé kọ́ sára ògiri ọ́fíìsì rẹ̀. Ojú ibẹ̀ gan-an ni ó máa ń gún píìnì olórí pupa kan mọ́ nígbàkígbà tí ó bá fẹ́ wọn ìrìn àjò fún oníbàárà, ó sì ti gún un pẹ́ débi pé bébà náà ti lu, ìdọ̀tí ọwọ́ ti sọ etí ihò náà di dúdú, kò sì ku lẹ́tà kan ṣoṣo nínú orúkọ ìlú náà. Ẹni tí ó bá fi ojú sún mọ́ ọn, símẹ́ǹtì ògiri ni yóò rí. Kò jọ pé èyí dun Ọ̀gá Tààrà rárá. Ohun tí ìlú náà wà fún lójú rẹ̀ kò ju pé kí òwú rẹ̀ rí ibi bẹ̀rẹ̀ lọ.

Òwú funfun ni, òwú ìránṣọ. Ìyàwó rẹ̀ ni ó ń ránṣọ, inú agolo òwú obìnrin náà ni ó sì ti já a láìtọrọ. Ó fi àbẹ́là pa á kí ó má baà tú. Bí oníbàárà bá ti jókòó, yóò so òwú mọ́ píìnì, yóò fà á dé ibi tí onítọ̀hún ń lọ, yóò di ojú kan bí ẹni tí ó fẹ́ yìnbọn, yóò wá kígbe pé, "Tààrà!" Lẹ́yìn èyí ni yóò tẹ́ òwú náà sórí rúlà, tí yóò tẹ ẹ̀rọ ìṣirò, tí yóò sì kéde iye kìlómítà tí ó wà láàárín pápákọ̀ méjèèjì àti iye àkókò tí bàálù yóò fi gbé ọ̀nà náà mì. Kọ̀ǹpútà wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀ tí ì bá sọ ohun kan náà fún un kí ó tó yọ òwú jáde lápò. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kì í di ojú kan.

Láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú ni ó ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, ohun tí ó sì gbà gbọ́ nínú iṣẹ́ náà kò ju ẹyọ kan lọ: ìrìn àjò bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ bàálù bá kúrò nílẹ̀, ó sì parí nígbà tí ẹsẹ̀ bàálù bá tún kan ilẹ̀. Gbogbo ìyókù, ìyẹn ọ̀nà tí ó lọ sí pápákọ̀, ìlà tí ènìyàn tò, ẹrù tí ènìyàn dúró dè, àléébù ọmọ aráyé ni, kò sì kan òun. Oníṣòwò kan padà wá bá a rí, tí ojú rẹ̀ wú fún àìsùn.

"Ọ̀gá, wákàtí kan lẹ sọ fún mi. Odidi ọjọ́ kan ni mo lò lọ́nà!"

"Nínú bàálù ńkọ́?"

"Nínú bàálù... bóyá wákàtí kan."

"Ẹ ṣeun. Bàálù ni mo sọ̀rọ̀ ẹ̀, n ò sọ̀rọ̀ yín."

Ayàwòrán tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara kan ọ́fíìsì náà, tí ó ń ya fọ́tò pélébé fún àwọn tí ó fẹ́ gba ìwé ìrìnnà, gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí láti ẹ̀yìn ògiri, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Òun ni ó sọ ọ́ ní Ọ̀gá Tààrà lọ́jọ́ náà. Ẹ̀fẹ̀ ni ó fi ṣe. Ọ̀gá náà gbà á bí ẹni gba oyè, ó sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn.

Ohun kan wà tí kò sọ fún oníbàárà kankan: òun fúnra rẹ̀ kò wọ bàálù rí. Kò sí ohun tí ó dí i lọ́wọ́. Ó kàn jẹ́ pé ẹni tí ó ti mọ iye àkókò tí ìrìn àjò ń gbà kò tún rí ìdí tí ó fi yẹ kí òun rìn ín. Síbẹ̀, yóò máa júwe ìjókòó ẹ̀bá fèrèsé fún àwọn arúgbó bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Yóò kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n pa fóònù wọn, kí wọ́n sì tì í bọ inú ẹrù tí wọn yóò fà lé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, nítorí fóònù lè ṣi awakọ̀ lọ́nà lójú òfurufú. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ ní èyí. Ẹnu ara rẹ̀ ni ó ti gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gbà á gbọ́.

Ọmọ kan ṣoṣo ni òun àti ìyàwó rẹ̀ bí, obìnrin ni, ó sì ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú ńlá kan tí bọ́ọ̀sì máa ń rìn fún wákàtí márùn-ún kí ó tó débẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ilé ìwòsàn kan ní òkè òkun ti gbà á síṣẹ́. Àdéhùn ọdún mẹ́ta gbáko ni, kò sì ní lè wálé láàárín rẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni yóò lọ. Ó pe àwọn òbí rẹ̀ lórí fóònù, ìyá rẹ̀ sì gbé ẹ̀rọ náà sáàárín tábìlì oúnjẹ kí wọ́n lè jọ gbọ́.

"Màmá mi, bàbá mi, n ò fẹ́ ẹ̀bùn kankan o. Ohun tí mo fẹ́ ni ká jọ jókòó jẹun ní yàrá mi, àwa mẹ́ta, kí ẹ gbàdúrà fún mi kí n tó lọ. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni mọ́tò máa wá gbé mi. Bàbá mi, ṣé ẹ gbọ́? Aago mẹ́ta."

"Mo gbọ́."

"Ẹ bá màmá mi wọ bọ́ọ̀sì àárọ̀. Ẹ dákun. Ẹ rántí ọjọ́ tí mo gba ìwé ẹ̀rí."

Ó rántí, gbogbo wọn rántí. Ní ọjọ́ ìwé ẹ̀rí náà, ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì kò jìnnà rárá ní tààrà, ó sì dé ibẹ̀ nígbà tí wọ́n ń to àga lé ara wọn. Ọmọ rẹ̀ ni ó bá tí ó ń ran àwọn agbálẹ̀ lọ́wọ́, kí ó má baà dà bí ẹni tí ń dúró de ènìyàn.

"Bọ́ọ̀sì kẹ̀?" ni Ọ̀gá Tààrà wí. "Èmi? Kí àwọn oníbàárà mi rí mi ní ibùdókọ̀ tí mo gbé àpótí lé itan? Nọ́ọ̀sì mi, ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta péré ni láti pápákọ̀ tiwa dé pápákọ̀ tiyín. Mo ti fa òwú ẹ̀."

"Bàbá mi, pápákọ̀ kọ́ ni mò ń gbé."

"Mo mọ̀."

Kò mọ̀.

Nígbà tí fóònù náà dákẹ́, ìyàwó rẹ̀ padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, níbi tí ó ti ń rán aṣọ inú mọ́ kóòtù tí ọkọ rẹ̀ pàṣẹ pé òun yóò wọ̀ lọ sínú bàálù. Obìnrin náà kì í pariwo. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń jáde láàárín abẹ́rẹ́ tí ó fi eyín dì mú.

"Bàbá ọmọ mi, tí mo bá fa téèpù láti èjìká yín dé orúnkún yín ní tààrà, tí n ò ka ikùn yín mọ́ ọn, ṣé ẹ máa rí kóòtù yìí wọ̀?"

"Kí ló kan ikùn mi?"

"Mo kàn ń béèrè ni."

"Ìwọ kọ́kọ́ máa lọ. Nígbà tí bọ́ọ̀sì rẹ bá fi máa já ẹ sílẹ̀, tí eruku ti bò ẹ́ lójú, wàá bá mi lẹ́nu ọ̀nà ilé ọmọ mi. Èmi ni mo máa gba báàgì lọ́wọ́ ẹ."

"Ẹ jẹ́ n yáa dì í kó wúwo nígbà náà," ni obìnrin náà wí, ó sì gé òwú pẹ̀lú eyín.

Ilẹ̀ kò tí ì mọ́ dáadáa lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tí ìyàwó ti gbéra. Aago mẹ́wàá ni bàálù yóò gbéra, nítorí náà Ọ̀gá Tààrà sùn sí i. Nígbà tí ó jí, ó wọ kóòtù, ó kì fóònù rẹ̀ tí ó ti pa sí ìsàlẹ̀ àpótí lábẹ́ àwọn ṣẹ́ẹ̀tì, gẹ́gẹ́ bí òfin ara rẹ̀, ó sì gba ọ́fíìsì lọ. Kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Ó kàn fẹ́ kí àwọn ará àdúgbò rí òun nínú kóòtù ni. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó fọn eruku orí kọ̀ǹpútà, ó fa òwú kan láti inú ihò dé ìlú tí ọmọ rẹ̀ ń gbé, ó tún kígbe "Tààrà!" láìsí oníbàárà kankan nítòsí. Lẹ́yìn náà ni ó yọ píìnì, ó sì fi í sápò pẹ̀lú òwú, ó ní òun fẹ́ fi han ọmọ òun.

"Ọ̀gá, ẹ ò tíì lọ?" Ayàwòrán ti yọ orí síta. "Ṣé ẹ ò ní pẹ́ báyìí?"

"Pẹ́ kẹ̀? Bàálù ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta!"

"Ó dáa. Ṣé bàálù yẹn ló ń bọ̀ wá gbé yín níbí?"

Ọ̀gá Tààrà tilẹ̀ dúró kí ó ya òun ní fọ́tò, ó sì ní kí ó tún un yà, nítorí pé ó di ojú kan nínú ti àkọ́kọ́.

Ọ̀nà pápákọ̀ gùn ju bí ó ti rò lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ń rán àwọn ènìyàn lọ síbẹ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́. Nígbà tí ó débẹ̀, ọmọbìnrin tí ó wà lẹ́yìn káńtà gba àpótí rẹ̀ pẹ̀lú ojú líle, ó ní díẹ̀ ni ó kù kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ní ibi tí wọ́n ti ń yẹ ara ènìyàn wò, wọ́n ní kí ó bọ́ ìgbànú, kí ó bọ́ bàtà. Ó bọ́ wọn pẹ̀lú ẹ̀rín ẹni tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí ènìyàn máa ń kó wọn sí, ó sì gbé bàtà mọ́ àyà títí tí ẹni ẹ̀yìn rẹ̀ fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan rí píìnì náà.

"Bàbá, kí lẹ fẹ́ fi èyí ṣe?"

"Ìlú mi nìyẹn," ni Ọ̀gá Tààrà wí.

Òṣìṣẹ́ náà wo píìnì, ó wo Ọ̀gá Tààrà lójú, ó sì sọ ìlú rẹ̀ sínú garawa.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, bàálù kò sí níbẹ̀. Ohùn kan jáde láti òkè pé kí gbogbo ènìyàn má bínú. Aago mẹ́wàá kọjá, aago mọ́kànlá kọjá, ohùn náà tún ń tọrọ àforíjì. Ọ̀gá Tààrà jókòó ṣinṣin nínú kóòtù rẹ̀. Kò bẹ̀rù rárá, nítorí nínú ìṣirò tirẹ̀, ìrìn àjò kò tí ì bẹ̀rẹ̀, ohun tí kò bá sì tí ì bẹ̀rẹ̀ kò lè pẹ́. Ó yíjú sí obìnrin sísanra kan tí ó bọ́ bàtà sílẹ̀, tí ó ń jẹ búrẹ́dì nínú ọ̀rá.

"Ṣé ẹ mọ̀ pé ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta péré ni?"

"Kí ni?"

"Ìrìn àjò wa yìí."

"Ìrìn àjò wo? Bàbá, ìjókòó la wà yìí. Ẹ gba búrẹ́dì."

Oòrùn ti kọjá àtàrí kí wọ́n tó pè wọ́n. Ó jókòó sí ẹ̀bá fèrèsé, ibi tí ó ti júwe fún ọ̀pọ̀ arúgbó, ó sì fi bẹ́líìtì ìjókòó di etí kóòtù ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, débi pé kò lè tẹ̀ síwájú, kò lè tẹ̀ sẹ́yìn. Nígbà tí ẹsẹ̀ bàálù kúrò nílẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè, ó sì tẹjú mọ́ aago. Láti ìgbà náà kò gbójú kúrò lára rẹ̀ mọ́. Ìkùukùu fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kọjá lára fèrèsé. Odò kan lọ́ kọ́lọkọ̀lọ nísàlẹ̀ bí òwú tí ó bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Ìlú rẹ̀ fúnra rẹ̀, pẹ̀lú òrùlé àti òpópónà àti àwọn tí wọ́n ń gbé inú rẹ̀, kéré títí ó fi dà bí ojú ihò píìnì. Kò rí ọ̀kan nínú wọn. Gbogbo ọdún tí ó fi ta òfurufú fún ènìyàn, ọjọ́ tí ó wọ inú rẹ̀, ọwọ́ aago rẹ̀ ni ó ń wò.

Bàálù balẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fọwọ́ gbá obìnrin oníbúrẹ́dì tí ó sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ wò ó! Márùndínláàádọ́ta! Kò lé, kò dín!"

"Ẹ kú oríire," ni obìnrin náà wí, ó sì ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà rẹ̀ kiri.

Nídìí rọ́bà gbọọrọ tí ń gbé ẹrù yí ká, àpótí àwọn ẹlòmíràn kọjá, wọ́n tún kọjá. Tirẹ̀ jáde kẹ́yìn. Aago méjì ti lé dáadáa. Ó ṣí àpótí náà sórí ilẹ̀, ó tú àwọn ṣẹ́ẹ̀tì, ó sì yọ fóònù jáde. Ìka rẹ̀ ti wà lórí ibi tí a ti ń tàn án. Ìgbà yẹn ni ó rántí pé bọ́ọ̀sì wákàtí márùn-ún ti ní láti dé, àti pé ìyàwó rẹ̀ ti wà nílé ọmọ wọn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀: "Ibo lẹ dé báyìí, Ọ̀gá Tààrà?" Kò fẹ́ gbọ́ ọ. Ó sàn kí òun kàn yọ sí wọn lójijì, kí òun jókòó sídìí oúnjẹ, kí òun bẹ̀rẹ̀ àdúrà, kí ọ̀rọ̀ báàgì má tilẹ̀ wáyé. Ó ti fóònù náà bọ àpò kóòtù bí ó ti wà, láìtàn án.

Takisí aláwọ̀ ewé kan gbé e. Ó sọ àdúgbò tí ọmọ rẹ̀ ń gbé, awakọ̀ sì fẹnu súfèé.

"Òdìkejì ìlú nìyẹn, bàbá. Ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ bọ́ọ̀sì."

"Kìlómítà mélòó ni ní tààrà?"

"Ní tààrà?" Awakọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ilé àwọn èèyàn wà láàárín o. Àfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí n gba inú yàrá wọn kọjá."

Ọ̀nà tí ó wọ ìlú dí pa. Ọ̀nà kejì tí ó jáde lọ sí pápákọ̀ kò dí rárá, àwọn ọkọ̀ ń sáré kọjá lójú rẹ̀. Aago mẹ́ta lù, wọn kò tí ì dé ìdajì ọ̀nà. Ọ̀gá Tààrà ń wo aago. Ó ń fi ìṣẹ́jú tí bàálù fi gbé e wé èyí tí takisí ń jẹ, ó sì rí i pé takisí ni ó jẹ̀bi, ìyẹn sì tù ú nínú díẹ̀.

"Bàbá, ẹ ò ní pe àwọn tẹ́ ẹ̀ ń lọ bá?" ni awakọ̀ béèrè. "Ẹ ń mí kíkankíkan."

"Wọ́n mọ̀ pé mò ń bọ̀."

"Mo kàn ní kẹ́ ẹ pè wọ́n ni."

"Máa wojú ọ̀nà."

Aago mẹ́rin ti kọjá nígbà tí ó sọ̀ kalẹ̀. Ibùdókọ̀ bọ́ọ̀sì wà níwájú rẹ̀ gan-an. Ènìyàn lè jáde nínú bọ́ọ̀sì kí ó fẹsẹ̀ rìn dé ẹnu ọ̀nà ilé náà kí ooru orí ìjókòó tó kúrò lára rẹ̀. Yàrá ọmọ rẹ̀ wà ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí gbayawu. Wọ́n ti ká aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá onílé ń gbálẹ̀. Lórí tábìlì kékeré, abọ́ méjì ti mọ́ fóó, a sì fi abọ́ mìíràn dé ẹ̀kẹta. Àga mẹ́ta ni ó yí i ká.

"Ẹ̀yin ni bàbá wa?" Ìyá onílé dá ìgbálẹ̀ dúró. "Áà! Wọ́n dúró dè yín títí, awakọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá wọn jà. Wọ́n gbé tiyín pamọ́. Ṣé ẹ ò pàdé wọn ní pápákọ̀ ni? Ọmọ yẹn ní ibẹ̀ lẹ wà."

Ìgbà yẹn ni ó tan fóònù. Ó gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀ bí nǹkan ẹlẹ́mìí, àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ láti ọ̀sán sì ń já wọlé lẹ́yìn ara wọn. Bàbá mi, mo pe àwọn pápákọ̀, wọ́n ní bàálù yín ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀. Bàbá mi, ẹ má wọ ìlú. Ẹ dúró síbẹ̀, à ń bọ̀ wá bá yín. Bàbá mi, ẹ dákun, ẹ tan fóònù. A ti kúrò nílé. Ẹ dúró síbi tẹ́ ẹ wà.

Ọkùnrin tí kò ka ohunkóhun kún ìrìn àjò bí kò ṣe pápákọ̀ sí pápákọ̀, ọjọ́ kan ṣoṣo tí pápákọ̀ ì bá gbà á là ni ó sáré jáde níbẹ̀.

Ó pe ọmọ rẹ̀.

"Bàbá mi! Níbo lẹ wà?"

"Mo wà nílé ẹ."

"Nílé mi." Ariwo ibi ńlá kan ń hó lẹ́yìn ohùn rẹ̀. "Bàbá mi, ẹ ti wà níbí. Ibi tí mo dúró sí yìí lẹ ti jáde."

"N ò tan fóònù."

"Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí òṣìṣẹ́ wọn fi ní kí n wọlé tàbí kí n gbé ẹrù mi padà sílé. Màmá ṣì wà níta. Èmi ti wọlé, n ò lè jáde mọ́."

"Jẹ́ n máa bọ̀. Mo lè..."

"Wọ́n ti ń pè wá, bàbá mi."

Ìyá onílé ti rọra gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀, ó sì ti jáde síta. Ọ̀gá Tààrà dúró láàárín yàrá. Ó mọ̀ pé àdúrà ni ó kàn. Ó ti ń to àdúrà náà jọ láti ọjọ́ tí ọmọ náà ti pè wọ́n, ó ti mọ ibi tí ohùn òun yóò ti lọ sílẹ̀ àti ibi tí ìyàwó òun yóò ti ṣe àmín. Ó la ẹnu. Ohun tí ó ti ń sọ láti ọdún gbọọrọ ni ó gba ẹnu náà jáde.

"Láti ibẹ̀ dé ibi tó ò ń lọ, wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ ni. Mo ti fa òwú ẹ̀. Kò jìnnà."

"Wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ àti ọdún mẹ́ta, bàbá mi."

Òwú Ọ̀gá Tààrà kò wọn ọdún rí.

"Ẹ jẹun yín," ni ọmọ náà wí, ohùn rẹ̀ sì ti ń fẹ́lẹ́. "Mo fi abọ́ dé e. Bàbá mi, ó dàbọ̀."

"Nọ́ọ̀sì mi, Ọlọ́run á..."

Fóònù ti dákẹ́. Ó gbé e sí etí fún ìgbà díẹ̀ sí i, nítorí pé ó wò ó pé ó burú kí ènìyàn fi àdúrà sílẹ̀ láàárín. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò ṣe àmín. Ó jókòó sórí àga kẹta, ó ṣí oúnjẹ náà. Ó ti tutù, ó sì ti dì. Ó jẹ ẹ́ tán pátápátá pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn. Láàárín òkèlè kan àti òmíràn, bí ìtìjú ti ń mú un tó, inú rẹ̀ lọ́hùn-ún ṣì ń sọ fún un pé ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta náà péye. Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí ìyàwó rẹ̀ gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wá, ojú rẹ̀ pọ́n, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń wúwo lórí àtẹ̀gùn. Kò kí i. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì gbé e kalẹ̀ síwájú bàtà ọkọ rẹ̀ gan-an.

"Báàgì mi rèé. Ẹ ní ẹ̀yin lẹ máa gbà á lọ́wọ́ mi."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé e. Ó wúwo lóòótọ́.

"Gbogbo takisí tó ń wọ ìlú ni ọmọ yín ń na ọrùn wò," ni obìnrin náà wí, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tí a ti ká aṣọ orí rẹ̀. "Láti ibí títí a fi débẹ̀. Àwọ̀ wo ni tiyín?"

"Àwọ̀ ewé."

"A rí i. Ó pariwo, ó ju ọwọ́ sí i lójú fèrèsé. Ó ní, 'Màmá, ó jọ bàbá mi.' Mo ní kò lè jẹ́ ẹ̀yin, ẹ̀yin á ti gbójú sókè. Kí lẹ̀ ń wò nínú mọ́tò?"

Ọ̀gá Tààrà wo abọ́ tí ó ṣófo níwájú rẹ̀.

"Aago."

Obìnrin náà mi orí. Kò bú u. Ó bọ́ bàtà, ó na ẹsẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ pa orúnkún.

"Ẹ jẹun?"

"Mo jẹun."

"Ó ti tutù."

"Ó ti tutù."

Nísàlẹ̀, níwájú ilé, ẹ̀ńjìnnì bọ́ọ̀sì kan ń ké bí ó ti ń yí orí padà láti wọ ibùdókọ̀.

"Èmi, bọ́ọ̀sì aago méje ni n ó wọ̀ lọ́la," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Tíkẹ́ẹ̀tì bàálù ìpadàbọ̀ yín ṣì wà lọ́wọ́ yín. Ẹ lè sùn sí i."

Ó ti ọwọ́ bọ àpò kóòtù. Ọwọ́ rẹ̀ bá tíkẹ́ẹ̀tì náà, ó bá òwú tí ó ti lọ́ pọ̀, ó sì fi ìka wá píìnì tí kò sí níbẹ̀ mọ́.

"Aago mélòó lo ní a gbọ́dọ̀ ti wà níbẹ̀?"

"Ó ti di 'a'? Kí méje tó lù. Bọ́ọ̀sì kì í dúró de ọ̀gá o."

Ní òwúrọ̀ ọ̀la, kí aago méje tó lù, Ọ̀gá Tààrà yóò gbé báàgì ìyàwó rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà, yóò gbé e dé ibùdókọ̀, yóò sì bá a wọ bọ́ọ̀sì.